Igi Kan Kì Í Dá Igbó Ṣe

Ẹni tó bá gba títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá mọ àpò èédú tí wọ́n máa ń tò sẹ́bàá ọ̀nà. Igi òrí àti igi irú wà lára ohun tí wọ́n ń sun di èédú náà. Ìbàjẹ́ náà sì ju igi lọ.

Lábẹ́ ilẹ̀, olú ń ta òwú tẹ́ẹ́rẹ́ yí gbòǹgbò igi ká. Òwú yìí ń bá igi wá omi àti èròjà dé ibi tí gbòǹgbò kò lè dé. Igi náà ń fi ṣúgà bọ́ olú. Ní 1997, Suzanne Simard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà fi hàn pé èròjà kábọ́ọ̀nù ń ti ara igi kan bọ́ sí òmíràn. Ní 2023, àwọn onímọ̀ mìíràn ní ẹ̀rí kò tíì tó láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo igbó rí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jiyàn pé igi nílò olú, pé olú náà nílò igi. Bí a bá gé gbogbo igi orí ilẹ̀ kan, tí a sì dáná sun ún, oúnjẹ olú tán nìyẹn. Ọ̀dọ́ igi tó bá hù níbẹ̀ yóò dá jìyà.

Ìlú Ọ̀yọ́ ni olú-iléeṣẹ́ Old Oyo National Park, igbó tí ìjọba ń dáàbò bò, wà. Kí ìjọba fún àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó náà lágbára láti dá àwọn tó ń gé igi fún èédú dúró. Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ dá igi àgbà sí láàrin oko, kí ẹ sì gbin ọ̀dọ́ igi sí tòsí rẹ̀. Igi òrí lè lò tó ọdún 15 kí ó tó so: ẹni tó gé e lónìí ti gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ rẹ̀.