Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní àdúgbò tuntun: ilé ìjọsìn ló ń pọ̀ ni, àbí ìjọ?

Ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ ń fẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2013 ka ènìyàn 87,177 ní gbogbo kọ́múnù náà. Bí ilé ṣe ń jìnnà sí àárín ìlú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìjọ ń wá ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́lé sí ní àdúgbò tuntun. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ wa. Kí ló ń mú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ dàgbà? Kí ló sì ń dá a dúró?

Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀ tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1843, ó dé ọ̀dọ̀ Ọba Ghezo ní Àgbómẹ̀. Kò ṣàdédé wá. Àwọn Sàró tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ẹrú tí wọ́n sì padà sílé ni wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún olùkọ́. Àwọn onígbàgbọ́ ti wà nílẹ̀ kí òjíṣẹ́ tó dé.

Lẹ́yìn náà ni ààlà dé. Àdéhùn ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 fi Ṣábẹ̀ẹ́ sọ́dọ̀ Faransé, ó sì fi ọ̀pọ̀ ìbátan wa sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọ tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá wá di àlejò lábẹ́ ìjọba Faransé. Òfin ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1922 pàṣẹ pé èdè Faransé, Látìn tàbí èdè ìbílẹ̀ nìkan ni kí àwọn míṣọ́nnárì máa lò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin náà ń lé, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún èdè abínibí. Bíbélì Yorùbá sì ti wà lódindi láti ọdún 1884: ẹni tó bá lè kà á kò wá ògbufọ̀ kiri.

Èdè nìkan kọ́. Láti ọdún 1742 ni John Wesley ti fi ètò kíláàsì lélẹ̀: nǹkan bí ènìyàn méjìlá lábẹ́ aṣáájú kan, tí yóò máa bẹ̀ wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò lè ṣe aṣáájú. Ìjọ tó ní irú àwọn bẹ́ẹ̀ lè wà láàyè kí ó tó ní pásítọ̀, àní kí ó tó ní òrùlé.

Wàyí o, kí ni iye sọ? Ní ọdún 2002, ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ló jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì. Ní ọdún 2013, ó jẹ́ 3.4. Láàárín àkókò kan náà, Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá kúrò ní 5 dé 6.7. Bẹ́ẹ̀, inú ilé Mẹ́tọ́díìsì ni Samuel Oshoffa ti dàgbà kí ó tó dá ìjọ yẹn sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1947. Ọmọ ti ga ju ìyá lọ. Iye Mẹ́tọ́díìsì pọ̀ sí i lóòótọ́, nítorí pé orílẹ̀-èdè kúrò ní nǹkan bí mílíọ̀nù 6.8 dé mílíọ̀nù 10. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìbísí inú ilé ni, kì í ṣe ìkórè láti òde.

Ìjà wà lára ohun tó fà á. Ní ọdún 1993, ìjọ ti Bẹ̀nẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ìjà lórí ipò olórí ti pín in sí Conférence àti Synode. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ náà. Agbára tó yẹ kí a fi bẹ aládùúgbò wò, ìjà ni a fi jà.

Ìdánwò tuntun tún wà níwájú. Ọmọ tó ń kàwé ní Faransé lè máa kọ orin Yorùbá láì lè ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ìjọ bá yí pátápátá sí Faransé, ìyá àgbà yóò jókòó bí àlejò. Bí kò bá kọ́ ọmọ ní kíkà Yorùbá, ọmọ ni yóò di àlejò. Kíkọ́ ọmọ ní kíkà kò náni tó sìmẹ́ǹtì.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kí àdúgbò tuntun tó ka búlọ́ọ̀kù, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ ka àwọn aṣáájú kíláàsì rẹ̀, àti àwọn ọmọ tó lè ka èdè baba wọn.