Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìdákẹ́jẹ́ Ẹ́ńjìnnì Tàn Yín

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ àti ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń fi píkọ́ọ̀pù oní-dísù jẹun ní Zawan, ní Bukuru àti ní gbogbo òkè Jos yìí, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ ó rí ọkọ̀ tí kò fẹ́ dìde láàárọ̀. Ọmọ iṣẹ́ á da omi gbígbóná sí ẹ́ńjìnnì, ẹlòmíràn á sun bébà sẹ́nu ibi tó ti ń mí. Wọ́n á ní bátìrì ló kú. Wọ́n á ra tuntun, ọkọ̀ á tún kọ̀.

Dísù kò ní pọ́lọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí i bíi ti pẹtiróòlù. Ẹ́ńjìnnì á fún afẹ́fẹ́ mọ́ra títí tí yóò fi di ìdá kan nínú bíi 18 àyè tó gbà tẹ́lẹ̀. Ooru fífún yẹn ló ń sun epo. Bí fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì, kò bá pa dé dáadáa, afẹ́fẹ́ ti jò lọ kí ó tó gbóná. Ní Èkó, ooru ìlú lè bo àbùkù náà mọ́lẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì. Níbí kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè wa ga ju 1,200 mítà lọ sí òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá fúyẹ́ sí ti etí òkun. Ẹ wá fi òtútù kún un.

Gbogbo yín mọ̀ pé tápẹ́ẹ̀tì tó ń dún kò dára. Èyí tó dákẹ́ láìsí ẹni tó tún un ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù. Àlàfo kékeré kan wà láàárín fáàfù àti káàmù, irin tó ń tì í ṣí, kò tó ìdajì mìlímítà; òun là ń tún ṣe bí a bá ní a ń ṣe tápẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan á ṣí, á sì pa dé nígbà 1,000. Ìyẹn 60,000 ní wákàtí kan. Bó ti ń lu ìjókòó rẹ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní síìtì, bẹ́ẹ̀ ni síìtì ń jẹ wọnú díẹ̀díẹ̀, tí ìdí fáàfù sì ń sún mọ́ káàmù. Àlàfo á kéré, ariwo á lọ. Ọlọ́kọ̀ á máa yọ̀ pé ẹ́ńjìnnì òun ti balẹ̀. Nígbà tí àlàfo bá tán, fáàfù kò lè pa dé mọ́, ó di ọmọrí tí kò bá ẹnu ìkòkò mu. Fáàfù tó ń tú èéfín jáde ló kọ́kọ́ ń kú, torí ooru rẹ̀ lè ju ìwọ̀n 600 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì lọ, ara síìtì yẹn ló sì ti ń sọ ooru náà kalẹ̀. Bí kò bá fara kàn án mọ́, etí rẹ̀ á jó.

Mẹkáníìkì mìíràn á sọ fún yín pé Hilux kì í ṣe tápẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹ́ńjìnnì GD tó dé lọ́dún 2015 ló gbọ́ nípa wọn, àwọn yẹn ń tún ara wọn ṣe. Èyí tó pọ̀ jù ní ojú títì wa ni 2KD àti 1KD tó ṣáájú wọn, ìyẹn D-4D, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní ṣíìmù ni wọ́n fi ń tún àlàfo tiwọn ṣe. Iṣẹ́ náà gba sùúrù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sá fún un. Láyé Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kaduna láti 1975, awakọ̀ kò nílò ìwàásù kó tó mọ̀ pé a ń ṣe tápẹ́ẹ̀tì.

Eruku ọyẹ́ tún wà níbẹ̀. Láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń fẹ́ wá, yanrìn tó kúnná sì wà nínú rẹ̀ tó lè ha irin. Ẹ ó rí awakọ̀ tó yọ fíltà afẹ́fẹ́, tó gbá a mọ́ táyà, tó sì dá a padà. Bébà fíltà ti ya nígbà yẹn, eruku á sì gba ibẹ̀ wọlé tààrà sára fáàfù àti písítìn.

Ti epo ńkọ́? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ní Abuja, Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Ivory Coast fẹnu kò pé imí ọjọ́ inú dísù kò gbọdọ̀ ju 50 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Títí di ìgbà náà, òfin wa gba 3,000, nígbà tí Yúróòpù kò gbà ju 10 lọ. Ṣùgbọ́n òfin tó wà nínú ìwé kò dá dísù dúdú tí wọ́n ń sè nínú igbó Niger Delta dúró. Imí ọjọ́ ń di ásíìdì nínú ọ́ìlì. Ẹni tó bá ń ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, kó má dúró de iye máìlì tó wà nínú ìwé ọkọ̀ kó tó pa ọ́ìlì dà.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ni mo dá lẹ́bi jù. Ẹ fi ànàmọ́ òyìnbó àti tòmátì dí ọkọ̀ títí táyà fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ òkè Hawan Kibo kalẹ̀, ó kó sìmẹ́ńtì padà gùn ún, ẹ ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ awakọ̀ àfi owó ojúmọ́. Òun náà mọ̀ pé bí òun bá ní kí ọkọ̀ sùn sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ ó wá ẹlòmíràn sípò òun, ó sì panu mọ́. Àìtètèmólè, olè ń mólóko. Owó wíwọn àlàfo kò tó nǹkan kan lára owó tọ́pù sílíńdà tuntun, kódà ti àlòkù tí wọ́n ń pè ní Belgium.

Kí oṣù Kejìlá tó wọlé, ẹ gbé ọkọ̀ lọ láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù pátápátá. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi irin tó fi ń wọn àlàfo hàn yín, kó sì kọ iye tó bá lórí fáàfù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí kò bá ní irin náà, ẹ wá ẹlòmíràn.