Ìlú Le, Ẹ Jẹ́ Kí Ọkàn Balẹ̀

Ní òru kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 2014, fóònù kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilé sùn ní Nàìjíríà. Ìyá ń jí ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò tó wà ní ìlú òkèèrè: "Dìde, bu iyọ̀ sómi gbígbóná, fi wẹ̀, kí o sì mu díẹ̀ níbẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kí Ẹ̀bólà má bàa wọlé tọ̀ ọ́." Kò sẹ́ni tó mọ orísun ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀mọ̀wé wẹ̀, aláìmọ̀wé wẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn elétò ìlera ti kéde pé irọ́ gbáà ni, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ti sọ àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn, ìròyìn sì sọ pé ó gbẹ̀mí àwọn mìíràn. Ẹ̀bólà kò dé àdúgbò wọn rárá. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ló débẹ̀.

Ní àkókò kan náà, àwọn mìíràn wà l'Ékòó tí Ẹ̀bólà wà níwájú wọn gan-an. Ọjọ́ 20 oṣù keje ni Patrick Sawyer tó ti Làìbéríà wá ṣubú ní pápákọ̀ òfuurufú, tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ọbáléńdé. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh fura sí àìsàn náà. Àwọn kan ń fúngun mọ́ ọn pé kó yọ̀ǹda ọkùnrin náà, ó kọ̀ jálẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Kó tó kú ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, tí púpọ̀ nínú wọn ti kọ́ iṣẹ́ náà níbi tí wọ́n ti ń gbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo ẹni tó ti fara kan aláìsàn kàn. Àwọn tí wọ́n wá rí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kanlẹ̀kùn wọn, tí wọ́n ń yẹ ìgbóná ara wọn wò, títí ọjọ́ 21 fi pé. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 kú nínú wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ẹ̀bólà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ṣé ẹ̀rù kò ba àwọn tó ń kanlẹ̀kùn yẹn ni? Ó bà wọ́n. Àwọn ló tilẹ̀ mọ̀ jù ohun tí àrùn náà lè ṣe. Àmọ́ wọ́n ní ilé tí wọ́n gbọ́dọ̀ dé láàárọ̀, wọ́n sì ní orúkọ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fàlà sí nírọ̀lẹ́. Mo gbà pé iṣẹ́ yẹn ló mú ọkàn wọn dúró. A máa ń rò pé bí wàhálà bá tán ni ọkàn tó balẹ̀. Bí a bá ń retí ìyẹn, a ó pẹ́ níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí kò jìnnà. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti ní ìrànwọ́ orí epo ti tán, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀lé e, ìlú le. Epo bẹntiróòlù tí à ń rà tẹ́lẹ̀ ní nǹkan bí ₦190 fún lítà kan ti kọjá ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Gààrí gbowó lórí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gbowó lórí. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: n kò ní ká dákẹ́ fún ìjọba. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ gan-an ló lè bi aṣòfin àdúgbò rẹ̀ ní ìbéèrè tí kò ní rí dáhùn.

Bí àyà bá já, ara ń múra àtisá ni. Ọkàn á máa lù kìkì, èémí á kúrú, oúnjẹ kò ní dà bó ṣe yẹ, orí kò ní lè ro ọ̀nà méjì. Ó wúlò fún ẹni tí ẹkùn yọ sí lójú oko. Owó ilé ìwé ọmọ kì í ṣe ẹkùn, ṣùgbọ́n ara kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, á máa múra àtisá láti àárọ̀ dalẹ́ títí oorun yóò fi dàwátì. Ohun tí a fi ń tu ara nínú kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ jókòó, ẹ fa èémí símú jẹ́jẹ́, kí ẹ wá mí i síta kó pẹ́ ju bí ẹ ṣe fà á wọlé lọ, fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ fẹsẹ̀ rìn nírọ̀lẹ́. Ẹ má gbé fóònù wọ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀rọ̀ fóònù yìí, WhatsApp ni omi iyọ̀ tòde òní. Àwọn kan wà tí wọn kò tíì fọ ẹnu tí wọ́n ti gbọ́ nípa ajínigbé, jàǹbá ọkọ̀ àti àsọtẹ́lẹ̀ méjì pé ogun ń bọ̀. Ẹ yan àkókò kan lójúmọ́ tí ẹ ó gbọ́ ìròyìn, lórí rédíò tàbí nínú ìwé ìròyìn tí ẹ fọkàn tán, kó má sì jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Èyí tí ẹ kò bá mọ orísun rẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Bí ìròyìn ṣe ní irọ́, ìrètí náà ní ayédèrú. Nígbà tí ìlú bá le ni àwọn tó ń tà á máa ń pọ̀. MMM, ètò ìsọwó-di-púpọ̀, ti owó àwọn ènìyàn pa ní oṣù kejìlá ọdún 2016, a sunkún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CBEX tó ṣèlérí pé owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan tún dàwátì, inú sì bí àwọn tó fowó síbẹ̀ débi pé wọ́n ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ n'Íbàdàn, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù àti àga lọ. Ojúlówó ìrètí kéré lójú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń ní ọjọ́. Àjọ tí yóò kàn yín ní ìparí oṣù wà nínú rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ẹ gbìn sínú àpò àtijọ́ lẹ́yìnkùlé náà wà níbẹ̀, yóò sì tó já láàárín nǹkan bí oṣù kan.

Ohun tí mo kà sí ewu jù nínú ọ̀wọ́n yìí ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń sá fún ara wọn. Owó aṣọ ẹbí kò sí, wọn kò lọ sípàdé ẹgbẹ́ mọ́. Wọ́n jẹ gbèsè díẹ̀, wọn kò gbé ìpè ọ̀rẹ́ mọ́. Àdáwà á wá máa sọ fún wọn lóru pé àwọn nìkan ni nǹkan bà jẹ́ fún. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn Aro nílùú náà tí gbogbo ayé wá ń kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Dípò kó ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́lé, ó fi wọ́n sílé àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ìbátan wọn kan ń gbé pẹ̀lú wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé náà ṣiṣẹ́ oko. Lambo mọ̀ pé àárín ènìyàn jẹ́ ara ìwòsàn. Bí èyí bá wúlò fún ẹni tí àìsàn ti dè mọ́lẹ̀, mélòómélòó ni ẹni tí ìrònú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́nu? Nítorí náà, ẹ wọ aṣọ tó wà nílé lọ sípàdé. Ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́, ẹ fagi lé aṣọ ẹbí lọ́dún yìí, kí ẹ sọ ọ́ fáyé gbọ́, kí ojú má bàa ti ẹnikẹ́ni.

Àdúrà dára, ẹ máa gbà á. Àmọ́ wòlíì, ààfáà tàbí babaláwo tó bá ní ìyá yín ló di ọ̀nà yín, tó sì fẹ́ gba owó láti tú u, ẹ dìde níwájú rẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Ìrònú mìíràn sì ti di àìsàn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ènìyàn kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò lọ, tí ohun tó ń mú inú rẹ̀ dùn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, ìyànjú nìkan kò tó, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro wà l'Ábẹ́òkúta, ti Yaba wà l'Ékòó, ilé ìwòsàn UCH wà n'Íbàdàn. Àtọ̀sí àti ibà ń gba ìtọ́jú, èyí náà ń gbà á. Bó bá jẹ́ ara ẹlòmíràn lẹ ti ṣàkíyèsí rẹ̀, ẹ má bi í bóyá kò nígbàgbọ́ ni. Ẹ bi í tààrà bóyá ó ti ń ro ikú. Ìbéèrè yẹn kò lè kọ́ ọ ní ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí ẹ sì jọ wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.