Kọ̀ǹpútà: Ẹ fi ọkọ́ lé ọmọ Ẹ̀gùá lọ́wọ́

Kò sí àgbẹ̀ Ẹ̀gùá tí kò mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ló ń di gààrí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Firefox, ètò tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn àṣẹ tí èèyàn kọ fún kọ̀ǹpútà ni ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 1998 ni ilé-iṣẹ́ Netscape fi àwọn àṣẹ tí Firefox ti ṣẹ̀ wá lé gbogbo ayé lọ́wọ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọmọ Amẹ́ríkà ṣe lẹ́tọ̀ọ́ sí i ni ọmọ Ẹ̀gùá náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ẹni tó bá lè sọ ẹ̀gẹ́ yìí di gààrí fúnra rẹ̀ lè tún un ṣe, ó sì lè fi èdè Yorùbá sí i.

Kí ló máa gbà? Kọ̀ǹpútà tó ní mẹ́mórì gígábáìtì 8, àti àyè òfìfo tó tó gígábáìtì 40. Àṣẹ kan á kó irinṣẹ́ jọ, èkejì á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹ̀rọ náà kò bá lágbára, ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iná àti owó dátà ti ń di wàhálà.

Nígbà tí wọ́n dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò lọ́dún 1963, iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Àgbẹ̀ kì í fi pátákó kọ́ ọmọ rẹ̀ ní oko ríro; ọkọ́ ló ń fi lé e lọ́wọ́. Ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa àti àwọn ọmọ Ẹ̀gùá tó wà lẹ́yìn odi pawọ́ pọ̀ pèsè yàrá kan, kọ̀ǹpútà méjì tó lágbára, àti iná tó ń lo oòrùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gààrí tí ẹlòmíràn yan ni àwọn ọmọ wọn yóò máa jẹ.