A Ó Padà Wá Rà Á

Bí òtútù bá ti dé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí àwa tí a ń tọ́mọ níbẹ̀ lè kó wọn lọ ní ọjọ́ Sátidé kì í pọ̀ mọ́. Pápá ti tutù, ilé há, ibi ìṣeré sì ń gba owó. Ilé ìtajà ńlá, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní mọ́ọ̀lù, ni ó máa ń kù. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó mọ́ tónítóní, ẹnikẹ́ni kì í sì í gba owó lọ́wọ́ wa kí a tó wọlé. N kò sí lára àwọn tí ń bú u. Ní Bluewater ní Kent, tí wọ́n ṣí ní 1999 sínú kòtò ńlá tí wọ́n ti ń wa ẹfun nígbà kan rí, ni àwọn ọmọ mi ti kọ́ bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn tí ń fúnra rẹ̀ rìn. Níbẹ̀ náà ni mo ti máa ń pàdé àwọn ará ilé tí a ti rí ara wa kẹ́yìn níbi ìsọmọlórúkọ.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni ọ̀rọ̀ tí ń ti ẹnu wa jáde níbẹ̀. Ọmọ á dúró níwájú ohun ìṣeré, á ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́.” Àwa á wo iye tí wọ́n kọ sí i lára, a ó rẹ́rìn-ín músẹ́, a ó ní, “A ó padà wá rà á.” A sì mọ̀ pé a kò ní padà wá. Òfin ọdún 1994 fún àwọn ilé ìtajà ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ní àyè láti ṣí fún wákàtí mẹ́fà ní ọjọ́ Ìsinmi. Nítorí náà, láti ilé ìsìn gan-an, pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ apá, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń lọ pa irọ́ náà.

Ọmọ kọ́ ni ó jẹ̀bi. Victor Gruen, ayàwòrán-ilé ọmọ Vienna tí ó sá lọ sí Amẹ́ríkà ní 1938, ni ó ya àwòrán Southdale ní Minnesota, tí wọ́n ṣí ní 1956, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Ó fẹ́ kí ó dà bí gbàgede ìlú rẹ̀, níbi tí àwọn ènìyàn yóò ti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kí ó tó kú, ó ti kọ irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá mọ agbára ibi tí a gbé ọjà sí: láti oṣù kẹwàá ọdún 2022, òfin kò jẹ́ kí àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá to súìtì àti ṣokoléètì sí ẹnu ọ̀nà tàbí ibi ìsanwó. Òfin náà kò kan ohun ìṣeré.

Mo ti rò ó pé kí ló dé tí àwọn ìyá wa kì í fi í pa irú irọ́ yìí ní Ọjà Ọba tàbí ní Bódìjà. Wọn kò sàn jù wá lọ. Ṣùgbọ́n ọjà tiwọn ní ẹnu. Ìyá mi á dá iye kan, ìyá ọlọ́jà á kọ̀, ìyá mi á fi kún un díẹ̀, á wá ní, “Owó tí ó wà lọ́wọ́ mi nìyí o.” Èmi tí mo di agbọ̀n mú lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo mọ ibi tí agbára wa mọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni pè mí jókòó. Ní mọ́ọ̀lù, a kì í ná ọjà. Iye wà lára rẹ̀, a ó san án tàbí kí a kọjá, ọmọ kò sì ní gbọ́ ohunkóhun nípa àpò baba rẹ̀. (Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà nílé, ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín, Palms wà ní Ring Road n'Ìbàdàn.)

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi pè wá lórí fóònù. Wọ́n béèrè ìgbà tí a ń bọ̀ wálé. Mo ní, “Láìpẹ́, Màmá. A ó wá.” Ọmọ wa obìnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà, fà mí láṣọ, ó sì béèrè jẹ́jẹ́ pé, “Dádì, ṣé irú ti mọ́ọ̀lù ni?”

N kò rí èsì fọ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń ṣàjọ̀dún rẹ̀ yìí, a kò jẹ́ purọ́ fún olùkọ́, torí a mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Ó jọ pé àgbàlagbà nìkan ni a kọ́ láti máa bẹ̀rù.

Láti ìgbà náà, pọ́n-ùn márùn-ún ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń mú lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí ohun tí wọ́n fẹ́ bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ń wí pé, “A kò ní owó yẹn.” Ó nira ju bí mo ti rò lọ, pàápàá níwájú àwọn tí a jọ ti ilé wá. Àbúrò rẹ̀ sunkún títí dé ibi tí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Mo tún pe ìyá mi. Mo sọ fún wọn pé owó ọkọ̀ òfurufú ènìyàn márùn-ún kò tíì sí, pé ọdún yìí kò ní ṣeé ṣe. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

“Mo ti mọ̀ tipẹ́, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Ẹnu tìrẹ ni mo ń dúró kí n ti gbọ́ ọ.”