ORÚKỌ ỌMỌ WA: Stefanu

Ẹ̀yin ará wa ní Gonin Gora, orúkọ tí a mú wá lóṣù yìí ni Stefanu.

Láti inú èdè Gíríìkì ni ó ti wá. Stephanos ni wọ́n ń pè é, adé sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe adé ìlẹ̀kẹ̀ bí ti àwọn ọba wa. Ewé ni wọ́n fi ń hun ún, ewé ólífì, tí wọ́n ń fi dé ẹni tí ó bá borí nínú eré ìdíje ní Olympia. Adé ti Yorùbá, ìdílé ni a ti ń jogún rẹ̀. Ti Stefanu, ẹni tí ó bá làágùn ni ń gbà á.

Ẹ rántí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Àwọn Júù tí ń sọ èdè Gíríìkì ń kùn pé a ń gbàgbé àwọn opó wọn nígbà tí a bá ń pín oúnjẹ. Stefanu wà lára àwọn méje tí a yàn láti tún ọ̀ràn náà ṣe. Orúkọ tí ó yẹ ẹgbẹ́ àwọn tí ó wà lájò ni!

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Stephen, àwọn Faransé ní Étienne, àwọn Sípéènì ní Esteban. Níbí, Istifanus ni àwọn onígbàgbọ́ tí ń sọ Hausa ń pè é, ọ̀nà èdè Lárúbáwá ni ó sì gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí Bitrus tí í ṣe Peteru.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ kan lè jẹ́ Stephen nínú ìwé ìrìbọmi, kí olùkọ́ kọ Istifanus sílẹ̀ fún un, kí ó sì di Steven nínú ìwé ìdánwò. Lọ́jọ́ tí ó bá ń wá iṣẹ́, wọn yóò ní kí ó lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gba ìwé ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ National Population Commission, ẹ yan ọ̀nà kan, kí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwé àti nínú NIN. Ẹni tí ó yan Istifanus kò ṣe ohun tí ó burú. Kí ó ṣáà di Istifanus mú.