Ohun Tí Ó Pa Jẹjẹrẹ Nínú Àwo Kò Tíì Di Oògùn

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí a ti kírun tán, ọkùnrin kan dúró ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí wa, ó ń ta àgbo inú ìgò. Ó ní ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo jẹjẹrẹ ìfun, àti pé àwọn òyìnbó ti yẹ ewé rẹ̀ wò ní láábù, ó sì pa jẹjẹrẹ. Àwọn ènìyàn rà á. Ó dùn mí, nítorí pé a ti sin ìyá oníṣòwò kan nínú ìjọ wa, tí ó ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ó fi ọdún kan gbáko mu irú àgbo bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀.

Bí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò tí ọkùnrin náà ń wí nìyí. Ara wa kún fún ohun kéékèèké tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Èyí tí ó bá ya aláìgbọràn, tí ó ń bí sí i láìdúró, ni jẹjẹrẹ. Ní ọdún 1964 wọ́n mú irú rẹ̀ láti inú ìfun ńlá obìnrin kan, wọ́n pè é ní HT-29, ó sì ń bí sí i nínú ìgò láábù títí di òní. Wọn a bù ú sínú àwo oníhò wẹ́wẹ́, wọn a kán ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò sí i ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta wọn a wo èyí tí ó kú. Ṣùgbọ́n àwo kò ní ẹ̀dọ̀, kò ní kíndìnrín. Ọṣẹ dúdú tí a fi ń wẹ̀ pàápàá, bí a bá kán an sí ibẹ̀, yóò pa sẹ́ẹ̀lì náà. Ṣé a ó wá máa mu ọṣẹ ni?

Èmi kò kẹ́gàn ewé o. Igi kan wà ní ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní igi ayọ̀. Ní ọdún 1966, Monroe Wall àti Mansukh Wani ní Amẹ́ríkà kéde ohun tí wọ́n yọ lára rẹ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ eku. Nígbà tí wọ́n fún ènìyàn, ó bá àpò ìtọ̀ wọn jẹ́, ó sì fa ìgbẹ́ gbuuru, ni wọ́n bá dá a dúró. Àwọn ará Japan ni ó tún un ṣe tí ó fi di irinotecan, ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà sì tó gbà á fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ọgbọ̀n ọdún! Títí di òní, dókítà ń wọn ara aláìsàn kí ó tó fún un, nítorí ìgbẹ́ gbuuru náà kò tíì lọ.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin ni ẹ mọ òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó bá ta ohun tí ó pa sẹ́ẹ̀lì nínú àwo bí oògùn tí ó ti wo ènìyàn sàn, kóńgò rẹ̀ kò kún.

Mo bi ọkùnrin náà pé, ìwọ̀n wo ni àgbàlagbà yóò mu, ara ta ni wọ́n sì ti dán an wò? Kò rí nǹkan sọ. Mo ti bẹ ìgbìmọ̀ mọ́sálásí kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ó dúró ní ibẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, kí ó lọ sí ọsibítù kí wọ́n wo ìfun rẹ̀, kí ó tó ra ìgò kankan.